Oògùn onítànṣán ní tíátà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn

Àwọn ìbéèrè yìí ni nọ́ọ̀sì, dókítà, pọ́tà àti àwọn tó ń tọ́jú ilẹ̀ máa ń béèrè léraléra, nígbàkigbà tí wọ́n bá ti gbọ́ pé aláìsàn tó ń bọ̀ ní tíátà ti gba abẹ́rẹ́ onítànṣán. Technetium-99m, oògùn onítànṣán kan, ni ìdáhùn náà dá lé, nítorí òun ni wọ́n ń lò jù fún jẹjẹrẹ ọmú àti jẹjẹrẹ awọ ara. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan oògùn mìíràn, a dárúkọ rẹ̀.

Kí ni wọ́n fún aláìsàn náà gan-an, kí ló sì wà fún?

Technetium-99m ni, tí wọ́n so mọ́ èérún tín-tìn-tín tó ń bá omi ara ṣàn lọ sínú àwọn kókó tó wà ní abíyá, ibi tí itan ti pàdé ikùn, tàbí ọrùn. Wọ́n á gún un sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí jẹjẹrẹ wà, tàbí sí etí orí ọmú. Kókó tí èérún náà bá kọ́kọ́ dé ni à ń wá. Ẹ fi wé oníbodè ìlú àtijọ́: bí jẹjẹrẹ bá fẹ́ jáde nínú ọmú, ọ̀dọ̀ oníbodè ló máa kọ́kọ́ gbà. Bí wọ́n bá yọ oníbodè wò tí wọn kò bá jẹjẹrẹ níbẹ̀, kò sídìí láti tú gbogbo abíyá, aláìsàn á sì bọ́ lọ́wọ́ apá wíwú tó máa ń dààmú ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti kó gbogbo kókó abíyá wọn jáde. Kókó oníbodè la ó máa pè é láti ibí lọ.

Ọdún 1992 ni Donald Morton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ wọn jáde lórí jẹjẹrẹ awọ ara. Aró búlúù ni wọ́n lò. Ní 1993 ni David Krag fi oògùn onítànṣán àti ọ̀pá tó ń gbọ́ ìró rẹ̀ wá kókó oníbodè nínú jẹjẹrẹ ọmú. Ohun tí à ń ṣe ní tíátà lónìí kò jìnnà sí tiwọn.

Mo gbọ́ nípa àwọn tí ìtànṣán pa ní Brazil. Ṣé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí wa?

Goiânia lẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Ní oṣù September 1987, àwọn kan tó ń ṣa irin tú orí ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n pa tì sínú ilé ìwòsàn tó ti dahoro. Caesium-137 tó wà nínú rẹ̀ ń tàn búlúù lóru, àwọn ènìyàn sì ń pín in fún ara wọn, àwọn mìíràn fi pa ara. Ènìyàn 4 kú, wọ́n sì rí àbàwọ́n rẹ̀ lára 249.

Caesium ọ̀hún tó nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù 2.5 ìwọ̀n 20 MBq (megabecquerel, òdiwọ̀n agbára oògùn onítànṣán) tí wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn jẹjẹrẹ ọmú ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ọgbọ̀n ọdún ni ó máa ń gbà kí ìdajì caesium tó lọ. Ti technetium-99m, wákàtí 6. Orúkọ "ìtànṣán" nìkan ló pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Kí ni ìtumọ̀ "wákàtí 6" tí wọ́n máa ń sọ yìí?

Láàárín wákàtí 6, agbára oògùn náà á dín sí ìdajì, láìka ohun yòówù tí ẹ bá ṣe sí i. Bí wọ́n bá gún 20 MBq ní aago 9 àárọ̀, ó di 10 ní aago 3 ọ̀sán, 5 ní aago 9 alẹ́. Ní aago 9 àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ju 1.25 lọ. Lẹ́yìn wákàtí 60, ó ti dín sí ìdá kan nínú 1,024. Ẹ kò lè sè é kí ó tètè lọ, ẹ kò lè fi omi gbígbóná pa á, ẹ kò sì lè dá a dúró. Àkókò nìkan ni oògùn rẹ̀.

Ní àwọn ibòmíràn, ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ń gún un, ìwọ̀n rẹ̀ á sì pọ̀ sí i, ó lè tó 150 MBq. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn já yín láyà: títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 9.

Mélòó gan-an ni mò ń gbà nínú iṣẹ́ abẹ kan?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀, nítorí ẹni tó bá ti ṣe é fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í bẹ̀rù mọ́. Wọ́n gún 20 MBq ní aago 9, iṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago 1. Oògùn tó kù jẹ́ bíi 12.6 MBq. Ẹni tó dúró ní ìdajì mítà sí i fún wákàtí kan gbáko á gba nǹkan bí 1 µSv (microsievert, òdiwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara ènìyàn), ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mSv (millisievert) kan. A kò tíì yọ èyí tí ẹran ara aláìsàn gbé mì kúrò, bẹ́ẹ̀ ni a kò rántí pé bí wọ́n bá ti gé ibi tí wọ́n gún jáde, oògùn tó pọ̀ jù ti bá a lọ.

Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, afẹ́fẹ́ tí à ń mí àti òfuurufú ń fún olúkúlùkù ènìyàn ní ìtànṣán tó tó 2.4 mSv lọ́dún, bí a bá pín ti gbogbo ayé dọ́gba. Ìyẹn lé ní 6 µSv lójúmọ́. Iṣẹ́ abẹ wákàtí kan, nígbà náà, kò ju ohun tí ẹ máa gbà lọ bí ẹ bá jókòó sí ìloro ilé yín fún wákàtí mẹ́rin. Bí ẹ bá ṣe ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ lọ́dún, ó jẹ́ 0.1 mSv.

Ta ló ń gbà jù nínú wa?

Ẹni tó ń fa oògùn sínú síríńjì tó sì ń gún un. Ìka rẹ̀ wà ní mìlímítà díẹ̀ sí gbogbo oògùn náà, kò sì tíì sí ìdajì tó lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bèèrè ààbò síríńjì tí wọ́n fi òjé tàbí tungsten ṣe, kí ẹ mú síríńjì níbi ìdí rẹ̀, kí ẹ má dì í mú níbi tí omi wà. Mo ti rí àwọn tó ń ju ààbò yẹn sílẹ̀ nítorí pé ó wúwo, tí wọ́n á sì wá gbé aṣọ òjé wọ̀ dúró sí ẹ̀yìn aláìsàn. Wọ́n ti fi ọwọ́ gba ohun tí wọ́n ń fi àyà sá fún.

Ìka dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ló tẹ̀lé e. Ní sẹ̀ǹtímítà 5, ìṣẹ́jú 15 á fún ìka rẹ̀ ní bíi 25 µSv. Òdiwọ̀n tí òfin fi sí ọwọ́ jẹ́ 500 mSv lọ́dún, nítorí náà yóò nílò iṣẹ́ abẹ 20,000 kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun wà ní bíi mítà kan, ìdá mẹ́rin ohun tí ẹni tó wà ní ìdajì mítà ń gbà ni tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń rìn káàkiri ní mítà méjì ń gba ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ti pọ́tà kò tilẹ̀ ṣeé kà.

Ṣé kí n wọ aṣọ òjé?

Rárá, bí ó bá jẹ́ technetium nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe aṣọ òjé onímìlímítà 0.5 fún ìtànṣán ẹ̀rọ X-ray tó máa ń wà ní tíátà eegun; ó ń dá púpọ̀ jù nínú ìyẹn dúró. Ìtànṣán technetium lágbára ju ìyẹn lọ, 140 keV (òdiwọ̀n bí ìtànṣán ṣe le tó), nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì máa ń gbà á kọjá. Ẹ á ru ẹrù kílò mélòó kan fún wákàtí méjì kí ẹ lè dín 2 µSv kù. Ẹ̀yìn dídùn tó máa tẹ̀lé e dájú ju jẹjẹrẹ tí ẹ ń sá fún lọ.

Ẹ̀rù bí ẹ̀rù, bí ẹnì kan bá ṣì fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ má dá a lẹ́kun. Ẹ sáà má sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ X-ray nínú iṣẹ́ abẹ kan náà, dandan ni kí ẹ wọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀rọ náà ló ń fúnni ní púpọ̀.

Ibọ̀wọ́ ńkọ́?

Ibọ̀wọ́ lásán kò dá ìtànṣán dúró, ṣùgbọ́n ó ń dá àbàwọ́n dúró, àbàwọ́n sì ni ọ̀tá. Ẹ wọ méjì lé ara wọn, kí ẹ sì bọ́ ti òde lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé ibi tí wọ́n gún oògùn sí. Àwọn ibọ̀wọ́ olówó ńlá tí wọ́n ń polówó pé ó ń dá ìtànṣán dúró kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan sí technetium.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìtànṣán àti àbàwọ́n tí ẹ ń tẹnu mọ́?

Ẹni tó yáná kò gbé iná lọ sílé. Ẹni tí ẹyin iná ta sí láṣọ ló gbé e lọ. Bí ẹ bá dúró ti aláìsàn, ìtànṣán kan yín, ẹ sì jáde, ó parí síbẹ̀. Ara yín kò di onítànṣán, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ, ibùsùn tàbí fóònù yín kò dì í. Ṣùgbọ́n bí oògùn fúnra rẹ̀ bá ta sí yín lára, tàbí tí ẹ tẹ gauze tó rin mọ́lẹ̀, ẹ ti gbé e dání nìyẹn, yóò sì máa tàn sí yín lára títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ tàbí títí àkókò rẹ̀ á fi pé.

Ṣé dandan ni báàjì tó ń wọn ìtànṣán tí òṣìṣẹ́ gbà?

Ó dára kí ó wà fún dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ àti ẹni tó ń gún oògùn, ó kéré tán ní ọdún àkọ́kọ́, kí ilé ìwòsàn lè fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ dípò nọ́ńbà ilé ìwòsàn ẹlòmíràn. Báàjì àyà ń jókòó sí àyà, lábẹ́ aṣọ òjé bí ẹ bá wọ̀ ọ́. Ti ìka ń wà lábẹ́ ibọ̀wọ́, kí ojú rẹ̀ kọ sí àtẹ́lẹwọ́, lọ́wọ́ tó ń sún mọ́ oògùn jù.

Báàjì kì í ṣe ohun yíyá. Ẹ má wọ̀ ọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ya X-ray tiyín fúnra yín, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Mo ti rí báàjì tó kọ́ sára ìṣó láti January di March. Àbájáde rẹ̀ mọ́ bí omi àfàárọ̀pọn, kò sì yà mí lẹ́nu, ìṣó kì í ṣiṣẹ́ abẹ. Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ National Institute of Radiation Protection and Research tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú.

Ọ̀pá gamma tí dókítà ń lò ń ké. Ṣé ẹ̀rù kò yẹ kí ó bà mí bí ó bá ń ké gan-an?

Kíké rẹ̀ ni ìròyìn ayọ̀, ó ti rí oníbodè. Wọ́n ṣe ọ̀pá náà kí ó lè gbọ́ ohun kékeré púpọ̀: kókó oníbodè kì í sábà ní ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún oògùn tí wọ́n gún lọ, síbẹ̀ ọ̀pá á ké bí àgbébọ̀ tó yé ẹyin. Ìró rẹ̀ kì í ṣe òdiwọ̀n ewu.

Ẹ má sì fi ọ̀pá náà jẹ́rìí pé ilẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ há, bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni, ó lè fo àbàwọ́n tó wà ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń wo ilẹ̀, bíi Geiger, ni kí ẹ fi yẹ tábìlì, ilẹ̀ àti bàtà wò.

Mo lóyún. Ṣé kí n kúrò ní tíátà?

Kò pọn dandan. Òdiwọ̀n fún ọmọ inú oyún, láti ìgbà tí ẹ bá ti sọ ọ́ títí dìgbà ìbí, jẹ́ 1 mSv ní Nàìjíríà àti ní Britain. Pẹ̀lú ìṣirò tí a ṣe lókè, iṣẹ́ abẹ wákàtí kan ní ìdajì mítà jẹ́ bíi 1 µSv lára ìyá, ti ọmọ sì kéré sí i. Kí ẹ tó dé òdiwọ̀n, ẹ máa ṣe ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ ni fífa oògùn àti gígún un, kí ẹ má sì jẹ́ ẹni tí wọ́n á ní kó nu oògùn tó bá dànù.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ kí ayé mọ̀ títí oyún á fi yọ. Ẹ má kéde rẹ̀ ní tíátà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá tó ń bójú tó ààbò ìtànṣán, ẹni kan ṣoṣo, kí ó sì pa á mọ́. Òfin tó ń dáàbò bo ọmọ yín kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ẹ ó fi sọ.

Mo ń fún ọmọ lọ́mú.

Ìtànṣán kì í wọ inú wàrà. Oògùn tí ẹ bá gbé mì tàbí tó ta sí yín lára nìkan ló kan ọmọ, nítorí náà iṣẹ́ tó lè fa àbàwọ́n ni kí ẹ yẹra fún. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ pààrọ̀ aṣọ tíátà, kí ẹ lọ fún ọmọ yín lọ́mú.

Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ta sí mi lójú. Abẹ́rẹ́ gún mi. Kí ni kí n ṣe?

Kí ẹ ṣe ohun tí ẹ máa ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Technetium tí wọ́n gún fún kókó oníbodè kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ẹ̀jẹ̀, ibi tí wọ́n gún un sí ló jókòó sí. Àrùn ẹ̀dọ̀ B àti HIV ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ ojú, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì lọ gba oògùn ìdènà HIV kíákíá. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Mo ti rí ẹni tó lo wákàtí méjì níbi tó ti ń wá ẹ̀rọ Geiger nígbà tí kò tíì fọ ọwọ́.

Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún oògùn náà fúnra rẹ̀ ló gún yín, ẹ ṣe gbogbo èyí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe oníṣẹ́ físíìsì ilé ìwòsàn kí ó wọn ìka yín.

Oògùn dà sílẹ̀. Báwo ni a ṣe ń nù ún?

Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ẹ da bébà tó ń fa omi bò ó, ẹ wọ ibọ̀wọ́ méjì àti ìbòrí bàtà, kí ẹ máa nù ún láti etí wá sí àárín. Bí ẹ bá nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ ti fẹ̀ ẹ́ lójú nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tún un nù.

Bí ó bá ta sí awọ ara, ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó. Ẹ má fi kànhìnkànhìn ha ara yín. Awọ tó bó ń jẹ́ kí oògùn wọlé. Èyí tí kò bá sì jáde lára ilẹ̀, ẹ bo ojú ibẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Gauze, aṣọ bíbò àti ìdọ̀tí yòókù ńkọ́?

Àpò lọ́tọ̀, àmì ìtànṣán lára rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ tì í mọ́ yàrá kan fún wákàtí 60 ó kéré tán, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí kò bá ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ, ẹ ya àmì náà kúrò kí ẹ sì dà á nù pẹ̀lú ìdọ̀tí ilé ìwòsàn.

Yíya àmì kúrò yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ní Britain àti Amẹ́ríkà, ibi ìdalẹ̀sí wà tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu géètì; bí àpò tí kò tíì pé àkókò bá dé ibẹ̀, ẹ̀rọ á pariwo, wọ́n á sì dá ọkọ̀ padà fún yín. Ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn ló máa rí àmì náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí àmì lára àpò tí kò ní nǹkan kan nínú, wọ́n ti kọ́ pé àmì kì í ṣe òótọ́ nìyẹn.

Ṣé ọ̀bẹ àti àwọn irin iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ síbi ìpamọ́ náà?

Ẹ ṣan wọ́n, ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tó bá mọ́, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sè é. Èyí tí kò bá mọ́, ẹ dá a dúró di ọjọ́ kejì. Ooru ìsèlò ń pa kòkòrò, kò lè pa ìtànṣán.

Ẹran ara tí wọ́n gé lọ sí láàbù: ṣé àwọn ará láàbù wà nínú ewu?

Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ewu, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti ń ṣe wọ́n níkà jù, nítorí a kì í sọ fún wọn. Kókó oníbodè kò ní nǹkan púpọ̀ nínú. Èyí tó ní púpọ̀ ni ibi tí wọ́n gún oògùn sí, ọmú tàbí awọ tí wọ́n gé, nítorí oògùn tó pọ̀ jù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ technetium-99m, ọjọ́ àti aago tí wọ́n gún un sí ara ìkòkò. Bí ó bá wà nínú fọmalínì di ọjọ́ kejì, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ló kù, fọmalínì náà sì nílò irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti wọlé dáadáa. Kò sí ẹni tó pàdánù nǹkan kan.

Bí dókítà bá fẹ́ èsì nígbà tí aláìsàn ṣì ń sùn, kí wọ́n gé kókó náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú kókó kan kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìpẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tó bá bọ́ sínú ẹ̀rọ ni kí wọ́n gbá sínú àpò ìpamọ́.

Ní wọ́ọ̀dù, ṣé kí a yà á sọ́tọ̀? Ọmọ rẹ̀ ń kọ́?

Ẹ má yà á sọ́tọ̀. Ibùsùn rẹ̀ wà láàárín àwọn yòókù, ọmọ rẹ̀ lè jókòó tì í, ọkọ rẹ̀ lè dì í mọ́ra. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú-búlúù, aró tí wọ́n fi kún un ni, kì í ṣe ìtànṣán. Aró kan náà ló lè mú kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi há ìka rẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tí kò lọ sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ wọ bàálù láìpẹ́, ẹ fún un ní ìwé, nítorí ẹ̀rọ pápákọ̀ òfuurufú lè gbọ́ oògùn tó kù.

Ohun tó ń dùn mí ni nọ́ọ̀sì tó ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn béèrè bí ara ṣe rí. Aláìsàn ti ń bẹ̀rù ikú, ó tún wá rí i pé wọ́n ń sá fún òun.

Bí aláìsàn bá kú lọ́jọ́ náà, tí ẹbí fẹ́ sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú?

Kí wọ́n sin ín. Pẹ̀lú ìwọ̀n 20 MBq, kò sí ohun tó ní kí Mùsùlùmí má wẹ òkú rẹ̀ kí ó má sì sin ín lọ́jọ́ náà. Kí àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́ wọ ibọ̀wọ́ bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò òkú nìkan ni ó dára kí ó dúró di ọjọ́ kejì bí àyè bá wà.

Wọ́n sọ pé hóró iodine-125 ni tiwa. Ṣé gbogbo ohun tí ẹ sọ kàn án?

Rárá o, ẹ fara balẹ̀ níbí. Hóró iodine-125 jẹ́ irin titanium kékeré, gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 5 lọ, tí wọ́n fi sínú ọmú kí dókítà lè rí ibi tí jẹjẹrẹ tí ọwọ́ kò lè tẹ̀ wà. Ìtànṣán rẹ̀ rọ̀, òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọjọ́ 59 ni ìdajì rẹ̀ máa ń gbà. Ìdúró wákàtí 60 kò tó fún un. Àkókò tó ń mú technetium di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún á gba iodine ní bí oṣù 20.

Kíkà ni gbogbo iṣẹ́ náà. Hóró mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde, mélòó ló dé láàbù, mélòó ló padà sínú àpótí òjé. Ẹ fi ọ̀pá àti X-ray jẹ́rìí pé ó wà nínú ẹran tí ẹ gé kí ẹ tó rán ojú ọgbẹ́ aláìsàn, kí ẹ tó da omi tí ẹ̀rọ fà nù, kí ẹnikẹ́ni tó kúrò ní tíátà. Kí dókítà má fi ọ̀bẹ tàbí iná mọ̀nàmọ́ná kàn án: bí ó bá fọ́, iodine á jáde, inú ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn ni iodine sì máa ń lọ fi ṣe ilé. Hóró tó sọnù jẹ́ ohun tí a ń fi tó aláṣẹ létí.

Bí ó bá jẹ́ fluorine-18, oògùn onítànṣán tí wọ́n ń lò fún fọ́tò PET, ńkọ́?

Òun ni ọ̀kan tó yẹ kí ẹ bọ̀wọ̀ fún jù. Ìtànṣán rẹ̀ jẹ́ 511 keV, aṣọ òjé tiyín kò rí i sójú, ìwọ̀n tí wọ́n sì ń fún aláìsàn pọ̀ ju ti kókó oníbodè lọ fíìfíì. Ààbò ibẹ̀ ni jíjìnnà, ìyára, àti ìdúró: ìṣẹ́jú 110 ni ìdajì rẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá lè sún síwájú wákàtí mẹ́rin, ẹ sún un. Báàjì di dandan, ẹ sì pín iṣẹ́ láàárín nọ́ọ̀sì, kí ó má jẹ́ ẹnì kan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Kí ló dé tí a kò fi aró búlúù tàbí ohun tí kò ní ìtànṣán ṣe é?

Ẹ lè ṣe é. Aró búlúù nìkan ni àwọn ilé ìwòsàn kan ń lò. Aró aláwọ̀ ewé tó ń tàn lábẹ́ kámẹ́rà wà, èérún irin tí ọ̀pá mágínẹ́ẹ̀tì ń wá náà wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Aró búlúù máa ń mú ara àwọn díẹ̀ wú débi tí èémí á fi fẹ́ bọ́, kámẹ́rà gbówó lórí, èérún irin sì lè ba fọ́tò MRI jẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ilẹ̀ wa, ìnira technetium kì í ṣe ewu rẹ̀, dídé rẹ̀ ni. Inú ìgò molybdenum-99 tí wọ́n ń pè ní màlúù ni wọ́n ti ń fún un bíi wàrà láràárọ̀, láti òkè òkun sì ni màlúù yẹn ti ń bọ̀. Wákàtí 66 ni ìdajì molybdenum. Bí ó bá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún.

Òdiwọ̀n tí mò ń kà ní Nàìjíríà yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà. Èwo ni òótọ́?

Méjèèjì. Òfin ìtànṣán Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NiBIRR, ti ọdún 2003, tí àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán, NNRA, ń ṣọ́, fi 20 mSv lọ́dún sí òṣìṣẹ́, tí wọ́n bá pín ọdún márùn-ún dọ́gba, kí ọdún kan ṣoṣo má sì ju 50 lọ. Britain dúró lórí 20 lọ́dún nínú òfin 2017 wọn, ẹni tó bá ṣeé ṣe kí ó kọjá 6 á sì bọ́ sábẹ́ àyẹ̀wò pàtàkì. Amẹ́ríkà fi 50 lọ́dún sílẹ̀, ó sì fún ọmọ inú oyún ní 5 dípò 1. Ẹni tó bá ń kó lọ sí òkè òkun, òfin ibi tó dé ni kí ó tẹ̀lé. Iṣẹ́ kókó oníbodè kò sún mọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti bá wa ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ti ní jẹjẹrẹ báyìí. Ṣé iṣẹ́ yìí ló fà á?

Kò sí àyẹ̀wò tó lè wo jẹjẹrẹ kan kó sọ ibi tó ti wá. Ìṣirò nìkan la lè ṣe. Ẹni tó gba 0.1 mSv lọ́dún fún ogún ọdún ti gba 2 mSv. Bí a bá fi òdiwọ̀n tí ICRP, àjọ àgbáyé lórí ààbò ìtànṣán, ń lò fún òṣìṣẹ́ àgbà wọ̀n ọ́n, ohun tó fi kún ewu jẹjẹrẹ rẹ̀ jẹ́ bíi ènìyàn 8 nínú 100,000. Jẹjẹrẹ sì ti ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò wọ tíátà rí.

Ẹ má fi ìṣirò yìí dá ẹni tó ń ṣàìsàn lóhùn ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bí òun tàbí ẹbí rẹ̀ bá fẹ́ mọ̀, àkọsílẹ̀ báàjì rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kí ó kọ̀wé béèrè fún un, kí oníṣẹ́ físíìsì sì jókòó tì í láti kà á. Bí ó bá sì ti lo X-ray tíátà eegun pẹ̀lú, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wò.